Símẹ́ńtì àtúnṣe gbòǹgbò eyín: èwo ni kí ilé ìwòsàn yín rà nínú MTA, Biodentine àti èyí tí wọ́n ti pò sílẹ̀?

Oníṣègùn eyín tó bá fẹ́ ra símẹ́ńtì àtúnṣe lónìí yóò bá oríṣi mẹ́ta pàdé lọ́jà. Èkíní ni MTA (mineral trioxide aggregate), ìyẹ̀fun tí a ń fi omi pò lórí awo gíláàsì. Èkejì ni Biodentine ti ilé iṣẹ́ Septodont, tó wà nínú kápúsù tí ẹ̀rọ ń gbọ̀n. Ẹ̀kẹta ni èyí tí wọ́n ti pò láti ilé iṣẹ́ wá, tó rọ̀ bí amọ̀, tí wọ́n ń tà nínú sírínjì tàbí ìgò kékeré. Iṣẹ́ kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà fún: wọ́n ń dí ibi tí irinṣẹ́ ti dá gbòǹgbò tàbí ìsàlẹ̀ eyín lu, wọ́n ń dí ẹnu gbòǹgbò eyín ọmọdé tí kò tíì padé, wọ́n ń dí ìdí gbòǹgbò tí a gé nígbà iṣẹ́ abẹ, wọ́n sì ń bo mùdùnmúdùn eyín tó ṣì wà láàyè.

Ohun tó mú kí wọ́n jọra ni pé calcium silicate ni ìpìlẹ̀ gbogbo wọn, omi ló sì ń mú wọn gan. Nítorí náà, ọ̀rinrin inú ẹran ara, tó máa ń ba ọ̀pọ̀ ohun ìdíhò àtijọ́ jẹ́, kì í dí wọn lọ́wọ́. Bí wọ́n ṣe ń gan ni wọ́n ń tú calcium hydroxide jáde. A ti wọn pH MTA, ìyẹn òṣùwọ̀n tó ń fi hàn bóyá nǹkan jẹ́ ásíìdì tàbí álíkálì, ó jẹ́ 10.2 lẹ́yìn pípò, ó sì gòkè dé 12.5 lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, ipò tí ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn kò lè fara dà. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé ọ̀kan nínú wọn ń wo eyín sàn, tí àwọn yòókù kò sì lè wò ó, ọjà ló ń tà. Ìyàtọ̀ wọn wà nínú àwọ̀, àkókò gígan, bí wọ́n ṣe ń rọ̀ lọ́wọ́, àti ohun tí ilé ìwòsàn yín ní láti fi lò wọ́n.

MTA ló pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Mahmoud Torabinejad àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Loma Linda University, ní ìpínlẹ̀ California, ló gbé e jáde, àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ nípa rẹ̀ sì jáde ní ọdún 1993. FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí i ní 1998, ó sì wọ ọjà pẹ̀lú orúkọ ProRoot MTA. Ìdí nìyí tí àkọsílẹ̀ nípa aláìsàn tí a tọ́jú fún ọdún pípẹ́ fi pọ̀ fún un ju fún ẹlòmíràn lọ. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ó ń ṣe iyanrìn iyanrìn lọ́wọ́, kò rọrùn láti gbé dé ibi tó jìn, bí ẹ bá sì fi omi ṣan ibẹ̀ kó tó gan, ó lè ṣàn lọ. Ìyẹ̀fun mẹ́ta sí omi kan ni òṣùwọ̀n rẹ̀. Bí omi bá pọ̀ díẹ̀ jù, ẹ óò rí i pé ó di ọbẹ̀.

Àwọ̀ ni ọ̀rọ̀ tí mo rò pé ó yẹ kí olùrà fi ṣáájú, ó sì ṣeni láàánú pé iye owó ló sábà ń gba ipò yẹn. Kí MTA lè hàn nínú àwòrán X-ray, wọ́n fi bismuth oxide sí i, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìyẹ̀fun náà. Bismuth yìí a máa dúdú nígbà tó bá kan sodium hypochlorite, èyí tí a fi ń fọ inú gbòǹgbò lójoojúmọ́. MTA tó funfun, tí wọ́n ṣe lẹ́yìn èyí tó ní àwọ̀ eérú, kò bọ́ lọ́wọ́ ìṣòro náà, nítorí bismuth ṣì wà nínú rẹ̀. Lórí eyín ẹ̀yìn, kò sí ẹni tí yóò rí i. Ṣùgbọ́n eyín iwájú tó di aláwọ̀ eérú lẹ́yìn oṣù díẹ̀ jẹ́ ohun tí aláìsàn kì í gbàgbé, pàápàá ọmọdé tí eyín rẹ̀ ṣẹ́ níbi eré. Biodentine ń lo zirconium oxide dípò bismuth. Àwọn tí wọ́n ti pò sílẹ̀ ń lo zirconium oxide àti tantalum oxide. MTA Repair HP ti ilé iṣẹ́ Angelus ní Brazil sì ń lo calcium tungstate. Fún eyín iwájú, ẹ má ṣe ra ohun tó ní bismuth nínú, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó.

Ní ti àkókò, MTA àtilẹ̀wá máa ń gba nǹkan bí wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 45 kó tó gan, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹ óò fi òwú tútù lé e, aláìsàn yóò sì padà wá lọ́jọ́ mìíràn kí ẹ tó dí eyín náà tán. MTA Angelus yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ilé iṣẹ́ náà sọ nǹkan bí ìṣẹ́jú 15. Biodentine máa ń gan láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 12, nítorí calcium chloride tó wà nínú omi rẹ̀. Ó le tó láti dípò eyín inú (dentine), kódà ilé iṣẹ́ tó ṣe é gbà kí a fi í sílẹ̀ lójú eyín fún oṣù mẹ́fà gẹ́gẹ́ bí ìdíhò onígbà díẹ̀. Èyí tí wọ́n ti pò sílẹ̀ fún yín ní ìṣẹ́jú 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láti fi ṣiṣẹ́, ó sì ń gba wákàtí bíi mẹ́rin láti gan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oríṣi kan wà tó máa ń gan láàárín nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú. Fún aláìsàn tó wá láti ìlú jíjìn, tí owó ọkọ̀ rẹ̀ kò kéré, ìpadàbọ̀ lẹ́ẹ̀kejì yìí kì í ṣe ohun kékeré.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun èlò. Biodentine gba pé kí ẹ ní ẹ̀rọ tó lè gbọn kápúsù ní ìwọ̀n ìyípo bíi 4,000 ní ìṣẹ́jú kan, fún ìṣẹ́jú àáyá 30, lẹ́yìn tí ẹ bá ti kán ẹ̀kán omi márùn-ún sínú rẹ̀. Bí iná kò bá dúró ní ilé ìwòsàn yín, ẹ fi owó ẹ̀rọ amúnáwá kún iye rẹ̀. Ó tún kù pé kò hàn dáadáa nínú àwòrán X-ray bíi MTA. Ó máa ń fara jọ eyín inú, a sì lè ṣi ibi tó parí sí wò. Kápúsù kan fún aláìsàn kan ni, ìyókù dànù, nígbà tó jẹ́ pé ihò kékeré ni ẹ dí. MTA nínú ìgò tó ní ìdérí tún ṣe é lò fún ẹlòmíràn, àwọn àpò kékeré rẹ̀ sì wà fún ìlò díẹ̀díẹ̀. Èyí tí wọ́n ti pò kì í ṣòfò púpọ̀, ṣùgbọ́n òun ló sábà wọ́n jù, ìdérí tí a gbàgbé láti pa sì lè ba gbogbo ìgò jẹ́.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ olùrà kò mọ̀: EndoSequence, TotalFill àti iRoot, tí wọ́n wà lára àwọn tí wọ́n ti pò sílẹ̀, jẹ́ ọjà kan náà tí ilé iṣẹ́ Innovative BioCeramix ní Vancouver ń ṣe, tí wọ́n ń tà pẹ̀lú orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní ọjà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ fi iye wọn wé ara wọn kí ẹ tó san owó.

Bí ẹ bá ń ṣe iṣẹ́ abẹ ìdí gbòǹgbò lọ́pọ̀ ìgbà, èyí tí wọ́n ti pò ni mo máa yàn, nítorí ó dúró níbi tí a tẹ̀ ẹ́ sí. Bí ọ̀pọ̀ aláìsàn yín bá jẹ́ ọmọdé tí ẹ ń bo mùdùnmúdùn eyín wọn, Biodentine ni, nítorí ẹ lè parí rẹ̀ ní ìjókòó kan. Bí owó kò bá pọ̀, tí iṣẹ́ náà sì jẹ́ eyín ẹ̀yìn, MTA tó ní ìdérí yóò ṣe é dáadáa.

Àwọn kan máa ń bèèrè bóyá símẹ́ńtì ìkọ́lé kò lè ṣe é, torí pé ara kan náà ni wọ́n gbà jáde. Lóòótọ́ ni MTA ti ara Portland, ìyẹn oríṣi símẹ́ńtì ìkọ́lé, wá, ṣùgbọ́n èyí tí a fi ń kọ́ ilé kò mọ́ tó, ó lè ní arsenic àti àwọn irin mìíràn nínú, kò sì hàn dáadáa nínú àwòrán X-ray. Ẹ má dán an wò.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ sanwó ní Nàìjíríà, ẹ bi olùtajà ní nọ́ńbà NAFDAC, ẹ wo ọjọ́ tí ọjà yóò kọjá lò lára ike tí kò tíì ṣí. Ní ti MTA, ẹ tẹ àpò rẹ̀ wò. Bí ó bá ti ṣe kókó, ọ̀rinrin ti wọ inú rẹ̀, kò sì yẹ kí ẹ gbà á.