Sítóòfù onígi Morsø Squirrel: ó kéré, ó sì tó yàrá wa

Nínú gbogbo sítóòfù onígi, èyí tí a ń dá igi sí láti mú yàrá móoru, tí mo yẹ̀ wò fún ilé olókùúta àtijọ́ tí a ń gbé ní àríwá England, Squirrel tí ilé-iṣẹ́ Morsø ti orílẹ̀-èdè Denmark ń ṣe ni mo yàn, kíkéré rẹ̀ gan-an ló sì fà mí mọ́ra. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí sítóòfù bá ṣe tóbi tó ni ilé yóò ṣe móoru tó, bẹ́ẹ̀ sì kọ́. Bí ó bá tóbi ju yàrá lọ, ooru rẹ̀ yóò pàpọ̀jù, ẹni tó ń lò ó yóò sé atẹ́gùn mọ́ ọn, igi yóò máa rú èéfín dípò kí ó jó, dígí iwájú yóò dúdú, ọ̀dà yóò sì máa lẹ̀ mọ́ inú ihò èéfín títí di ọjọ́ tí òun náà yóò gbiná.

Ìṣirò tí àwọn oníṣẹ́ ń lò kò le. Ẹ fi ìbú yàrá sọ gígùn rẹ̀ di púpọ̀, ẹ fi gíga rẹ̀ sọ èyí tó jáde di púpọ̀, kí ẹ wá fi 14 pín in; iye tó bá jáde ni agbára ooru tí yàrá nílò, ní kìlówáàtì. Yàrá tó gùn ní mítà 5, tó fẹ̀ ní mítà 4, tó sì ga ní mítà 2.5 kò nílò ju nǹkan bíi kìlówáàtì 3.5 lọ. Bí sítóòfù bá ju kìlówáàtì 5 lọ, òfin ìkọ́lé tilẹ̀ ní kí ẹ dá ihò atẹ́gùn tí a kì í dí sára ògiri, òtútù tí ẹ ń sá fún yóò sì gba ibẹ̀ wọlé.

Irin dídà ni wọ́n fi ṣe Squirrel, àwòrán ọ̀kẹ́rẹ́ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Irú irin yìí kì í tètè gbóná bí irin pẹlẹbẹ tí wọ́n jó pọ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí iná bá ti di ògúnná, ooru ṣì ń pẹ́ lára rẹ̀. Igi kúkúrú nìkan ló gbà, ènìyàn sì gbọ́dọ̀ máa kó òmíràn sí i lemọ́lemọ́. Àbùkù rẹ̀ tó tóbi jù lójú mi nìyẹn.

Ẹni tó bá ti fi igi tútù dáná rí mọ ìyà tó wà níbẹ̀. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2021, òfin England ti sọ pé omi inú igi ìdáná tí wọ́n ń tà nínú àpò kò gbọ́dọ̀ ju 20 nínú 100 lọ, nítorí náà ẹ wo àmì «Ready to Burn» lára àpò. Ní àwọn àdúgbò tí òfin ti ká èéfín lọ́wọ́ kò, irú bí ọ̀pọ̀ ibi ní London, ìtanràn tó tó £175 sí £300 wà fún onílé tí èéfín bá ń rú láti òrùlé rẹ̀.

Owó fífi í sípò lè tó owó sítóòfù fúnra rẹ̀. Ẹ lo oníṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ HETAS, ẹgbẹ́ tó ń forúkọ àwọn tó ń fi sítóòfù sípò sílẹ̀ ní Britain, kí ẹ sì rí i pé aago ìkìlọ̀ carbon monoxide, gáàsì olóró tí iná lè mú jáde, wà nínú yàrá, nítorí gáàsì náà kò ní òórùn kankan. Ẹ gbá ihò èéfín lọ́dọọdún, ó kéré tán. Bí ó bá jẹ́ pé gbogbo ilé ni ẹ fẹ́ fi sítóòfù kan mú gbóná, èyí kọ́ ni kí ẹ rà.