Ẹ̀rọ ìsàba ẹlẹ́yin 56 tí mo fi pa ọmọ Araucana ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá ni mo ra ẹ̀rọ yìí, ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ adìẹ nítòsí Takie. ₦98,000 ni mo san. Láti kékeré ni mo ti ń bá ìyá mi sin adìẹ ìbílẹ̀, a kò sì fìgbà kan wá ẹ̀rọ: àgbébọ̀ á sàba, á pa ọmọ, ó parí. Ẹyin Araucana ló sọ mí di ẹni tó ń wá ẹ̀rọ kiri. Ẹnìkan tó ń sìn wọ́n ní Ìlọrin gbà láti fún mi ní mẹ́rìnlélógún lẹ́ẹ̀kan náà, àgbébọ̀ tèmi kò sì lè bo ju mẹ́jọ lọ.

Fún ẹni tí kò bá mọ Araucana: adìẹ àwọn Mapuche ní gúúsù Chile ni, orúkọ agbègbè Araucanía ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń sìn kò ní ìrù rárá, ìdí rẹ̀ rí róbótó bí igbá. Àwọn mìíràn ní ìdì ìyẹ́ lẹ́bàá etí, àfi bí ẹni fi yẹtí sí i. Ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ìrù. Àmọ́ ẹyin rẹ̀ ló mú mi lọ́kàn. Àyìnrín ni, bí aṣọ tí a rì bọ ìkòkò aró lẹ́ẹ̀kan péré tí a sì fà yọ. Bí ẹ bá fọ́ ọ, inú èèpo náà yóò jẹ́ àyìnrín, nítorí àwọ̀ yẹn wọ èèpo já. Ti ẹyin pupa kò rí bẹ́ẹ̀, ìta nìkan ni pípọ́n rẹ̀ mọ. Kí ẹnikẹ́ni má sì torí àwọ̀ ẹyin nìkan gba adìẹ kan ní Araucana o. Òbí kan ṣoṣo ti tó láti fún ọmọ ní àwọ̀ náà, nítorí náà àmúlùmálà pọ̀ lọ́jà.

Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ fúyẹ́. Ike funfun ni, ìdérí rẹ̀ mọ́ gaara tí ẹ fi lè máa wo inú. Ó ń yí ẹyin fúnra rẹ̀ ní wákàtí méjì-méjì, ó ní fáànù, ó ní ojú omi méjì nísàlẹ̀. Mi ò fi ẹyin olówó dán an wò. Ogún ẹyin adìẹ ilé ni mo kọ́kọ́ tò sí i, mo sì gbé ooru rẹ̀ sí 37.7°C.

Ọjọ́ kọkàndínlógún ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá èèpo lu. Inú àwọn ọmọ ilé dùn, àyà tèmi já. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni ọmọ adìẹ ń pé. Èyí tó bá yá tó báyìí, ooru ló lé e jáde. Mo ń gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: ìdodo wọn kò tíì pa, ó pọ́n, ó ń rin, okùn tín-ín-rín ṣì so mọ́ òmíràn. Ìka ẹsẹ̀ méjì nínú wọn ká kò. Mọ́kànlá ló jáde, mẹ́rin kú kí ọ̀sẹ̀ tó yí. Ìgbà náà ni mo mú tẹmómítà tí a fi ń yẹ ara ọmọ tó bá ń gbóná wò, mo tẹ́ ẹ sáàárín ẹyin tó kù. Ojú ẹ̀rọ ní 37.7. Tẹmómítà ní 38.9.

Mo padà lọ bá ẹni tó tà á fún mi. Ó ní kì í ṣe òun ló ṣe é. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra, nítorí ẹnu òun kan náà ló fi ṣèlérí fún mi pé bí ó bá bàjẹ́ láàárín oṣù mẹ́fà, òun á bójú tó o. Ìwé pẹlẹbẹ tó bá ẹ̀rọ wá ló yọ mí: bọ́tìnì méjì wà tí a ó tẹ̀ pọ̀ láti tún ìwọ̀n ooru rẹ̀ ṣe. Mo tún un ṣe, mo fi tẹmómítà ṣọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́ta, kò yẹ̀ mọ́. Mo gbóríyìn fún ẹ̀rọ náà níbẹ̀. Ẹni tó tà á ló yẹ kó ti fi èyí hàn mí.

Inú oṣù Kìn-ín-ní ni ẹyin Araucana dé, ọyẹ́ sì mú gan-an. Mo fi wọ́n sinmi fún ọjọ́ kan gbáko, ṣóńṣó wọn nísàlẹ̀, nítorí wọ́n ti fara gbá nínú mọ́tò. Mẹ́rìndínlógún wọnú ẹ̀rọ, mẹ́jọ lọ sábẹ́ àgbébọ̀. Ojú omi méjèèjì kún, síbẹ̀ ọ̀rinrin inú rẹ̀ kò kọjá 31%, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kó wà láàárín 45% sí 55%. Mo rẹ aṣọ sínú omi, mo ká a sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gòkè dé 48. Láti ọjọ́ kejìdínlógún, tí a dáwọ́ yíyí ẹyin dúró, a ní láti mú un dé 65 sí 70, ìyẹn sì gba aṣọ mẹ́ta. Ojú omi yẹn kéré jù fún ọyẹ́ ilẹ̀ wa.

Ní ti iná, ojú ìhò bátìrì 12V tó wà lẹ́yìn rẹ̀ níye lórí ju ohun gbogbo lọ fún mi. Bátìrì mọ́tò gbé e láti aago mẹ́wàá alẹ́ di ìdájí. Nígbà tí bátìrì náà tán lọ́jọ́ kan, mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó fún wákàtí méjì, ẹyin kò sì bàjẹ́.

Lọ́jọ́ keje, mo ti fèrèsé, mo fi tọ́ọ̀ṣì fóònù yẹ̀ wọ́n wò, nítorí iná kékeré tó bá ẹ̀rọ wá kò lágbára tó fún èèpo àyìnrín. Mẹ́rin ṣófo. Nínú àwọn tó kù, iṣan ẹ̀jẹ̀ tàn káàkiri bí gbòǹgbò ewéko, ojú dúdú kan sì ń mì láàárín rẹ̀. Mo jókòó pẹ́ níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kọkànlélógún, mẹ́jọ nínú méjìlá jáde, ìdodo gbogbo wọn pa dáadáa. Mẹ́rin kú sínú èèpo. N kò di ẹ̀bi ìyẹn ru ẹ̀rọ. Ẹni tó fún mi lẹ́yin jẹ́wọ́ pé àkùkọ àti abo tó yé wọn ló ní ìyẹ́ etí. Bí òbí méjèèjì bá ní in, ìdá kan nínú mẹ́rin ọmọ ni yóò jogún rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í sì í yè, inú èèpo ni ó ń kú sí. Ẹ fi èyí tó ní ìyẹ́ etí gun èyí tí kò ní, ẹ ó bọ́ lọ́wọ́ àdánù yẹn.

Lábẹ́ àgbébọ̀, méjì ṣófo, ọ̀kan kú, márùn-ún jáde. Kò gba bátìrì, kò gba aṣọ tútù. Àmọ́ mẹ́jọ náà ni agbára rẹ̀ mọ, mo sì fẹ́ gba ẹyin ọgbọ̀n nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀.

Nínú ìràwọ̀ márùn-ún, mẹ́ta ni mo fún ẹ̀rọ yìí, mo fún ṣọ́ọ̀bù náà ní ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ ra irú rẹ̀, kí ó mú tẹmómítà dání lọ, kí ó ní kí wọ́n tàn án lójú òun, kí ó sì dúró fún wákàtí kan kí ó tó kówó sílẹ̀.