Àpótí HDMI orí wáyà nẹ́tíwọ̀ọ̀kì: ohun tí ojú wa rí ní mọ́ṣáláṣí wa l'Ákùúrẹ́

Ọjọ́ kẹrin ààwẹ̀ Ràmàdáánì 2025 ni mo kọ́kọ́ gbé fóònù láti kọ àgbéyẹ̀wò àpótí tó ń gbé àwòrán wáàsí lọ sọ́dọ̀ àwọn obìnrin wa yìí, inú mi sì ń ru bí omi orí iná. Ààfáà ti dé ibi tí wáàsí ti wọra. Ó ń túmọ̀ ìtàn Ànábì Mùsá àti màlúù tí Ọlọ́run ní kí àwọn èèyàn rẹ̀ pa, tí wọ́n ń bèèrè pé irú èwo, àwọ̀ wo, ọjọ́ orí wo. Lọ́dọ̀ àwa ọkùnrin, gbogbo èèyàn ti gbàgbé ebi. Lọ́dọ̀ àwọn obìnrin, tẹlifíṣọ̀n ṣókùnkùn. Ó padà tàn, ó tún ṣókùnkùn. Mo kà á dé ẹ̀ẹ̀meje kí oòrùn tó wọ̀.

Nígbà tí a ṣínu tán, Ìyá Àdínnì pè mí. Wọn ò bínú, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Wọ́n ní, "Akápò, a dúpẹ́, ẹ ti gbìyànjú. Ẹ bá wa yọ nǹkan yìí kúrò. Ohùn tí a ń gbọ́ tẹ́lẹ̀ náà ti tó wa."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ilé wa ṣe rí kí ẹ lè mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yẹn fi gún mi. Òkè-Àró ni mọ́ṣáláṣí wa wà. Ilé àwọn obìnrin dá dúró ní òdìkejì àgbàlá, ibi alùwàlá sì wà láàárín méjèèjì. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ọ, ohùn ẹ̀rọ gbohùngbohùn nìkan ni wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀. Bí Ààfáà bá na ọwọ́, bó bá ṣí Kùránì fi hàn, bó bá kọ nǹkan sára pátákó, wọn ò rí i. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n dáwó jọ, ẹlòmíràn mú ẹgbẹ̀rún kan wá, ẹlòmíràn mú ₦200 tó ṣẹ́kù nínú owó ẹ̀kọ tó tà. Ọwọ́ mi ni wọ́n kó o sí. ₦94,500 ló lọ lórí rẹ̀: àpótí méjì ₦46,500, wáyà mítà 60 ₦36,000, iṣẹ́ ọwọ́ ₦12,000. Ẹnì kan ló fi tẹlifíṣọ̀n ta wá lọ́rẹ.

Wáyà HDMI lásán, èyí tó ń gbé àwòrán àti ohùn lọ sí tẹlifíṣọ̀n, kò lè dé ibẹ̀. A ti gbìyànjú rẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú, a so wáyà pọ̀ mọ́ wáyà, a ò rí àwòrán kankan. Láti kámẹ́rà dé ògiri àwọn obìnrin, mítà 48 ni bí a bá tọ ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ra extender, ìyẹn àpótí kékeré méjì: ọ̀kan á gba àwòrán lọ́wọ́ kámẹ́rà, á gbé e sórí wáyà nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tí wọ́n ń pè ní Cat6, èkejì á gbà á ní òpin, á sì fún tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n kọ mítà 60 sára páálí rẹ̀. Ìsọ̀ kan ní Arákálẹ̀ ni mo ti rà á. Àwọn ló ta wáyà, àwọn náà ló rán ọmọ wọn wá fà á, tó sì tẹ orí RJ45, ìyẹn orí oníke tó ń wọ ihò àpótí, sí i lẹ́nu méjèèjì.

Ọjọ́ karùn-ún, ọmọ ìsọ̀ náà wá. Ó dé ní aago méjìlá kọjá, àárọ̀ la jọ fi àdéhùn sí. Ó mú téẹ̀sítà, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń yẹ wáyà wò, jáde, ó ki ẹnu wáyà kan sí apá kan, ó ní kí n lọ dúró ní ẹnu kejì kí n máa ka iná. Mo dúró, mo ń kà á sókè: ení, èjì, ẹ̀ta, títí dé ẹ̀jọ. Gbogbo rẹ̀ tàn létòlétò. Ó ní kí n tún kà á. Mo tún kà á. Ó ní, "Àlájì, ẹ fúnra yín lẹ kà á. Wáyà yín ò ní àìsàn. Iná mọ́ṣáláṣí yín ni kò dáa." Ó ní kí a lọ ra stabilizer, ó sì dárúkọ iye rẹ̀ kíá, ₦85,000, bí ẹni tó ti há a sórí. Mo bi í pé ṣé ó lè dúró di ìrọ̀lẹ́ kó fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ó ní ọ̀gá òun ń retí òun.

Mo pe ọ̀gá náà. Ó ní kí n gbé àpótí wá.

Ọjọ́ kẹfà, mo gbé e lọ. Mi ò fẹ́ jà, mo ń gbààwẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí ẹnu mi ba ààwẹ̀ mi jẹ́. Aago mẹ́wàá ààbọ̀ ni mo débẹ̀. Ọ̀gá náà ń tẹ fóònù, kò gbójú sókè, bẹ́ẹ̀ ni kò kí mi, mo sì fi ọdún tó pọ̀ jù ú lọ. Ó gba àpótí, ó fi wáyà kékeré tí kò gùn ju apá lọ so méjèèjì pọ̀, ó tan tẹlifíṣọ̀n ìsọ̀ rẹ̀. Àwòrán yọ, ó dúró gbọnin. Ó yí tẹlifíṣọ̀n náà sí ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà mẹ́ta tó wà níbẹ̀, ó ní, "Ẹ wò ó o. Wọ́n ní ọjà mi bàjẹ́." Ó wá fi ìka tọ́ka ìwé rìsíìtì mi, ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà.

Ara mi gbóná. Mo ní, "Ọ̀gá, mi ò sọ pé ẹ gbà á padà. Àwòrán tí kò dúró ni mo mú wá." Ó ní kí n sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹlòmíràn lè ríbi ra ọjà. Mo jókòó sórí páálí kan. Wákàtí kan ààbọ̀ ni mo fi jókòó níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò bá mi sọ nǹkan.

Ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn wà lẹ́yìn kàǹtà, ó ń jó lẹ́ẹ̀dì mọ́ ìdí nǹkan kan. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ jáde, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni ò tíì bi mí láti ọjọ́ mẹ́ta: "Bàbá, ìgbà wo ló máa ń kú?"

Mo fẹ́ sọ pé ìgbàkígbà ni. Mo wá rántí pé àárọ̀ kì í kú. Ìrọ̀lẹ́ ni, nígbà tí wáàsí bá ń lọ sópin, tí àwọn èèyàn ti ń dìde lọ ṣe alùwàlá de ìrun Magáríbì. Bí omi bá sì ti lọ sílẹ̀ nínú táǹkì, pọ́ǹpù kànga á dìde fúnra rẹ̀. Mo sọ ọ́ fún un. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó tún bèèrè pé bí a bá sọ àwòrán kámẹ́rà kalẹ̀ sí 720, ìyẹn èyí tí kò mọ́ tó 1080, ṣé ó máa ń dúró jù báyìí lọ? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ tó ń bá wa mú kámẹ́rà ti dán an wò. Ó ní, "Ẹ má ra stabilizer o. Mo ń bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la kí ìsọ̀ tó ṣí."

Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ti dé. Kì í ṣe Mùsùlùmí, ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó bèèrè ohun tí òun á fi borí. Ìyá Àdínnì bọ́ ìborùn ara wọn fún un. Kò fi téẹ̀sítà kankan kàn án. Ó yọ orí wáyà, ó gbé e sókè sí oòrùn, ó wò ó, ó lọ sí ẹnu kejì, ó wò ó. Ó ní, "Bàbá, wọ́n ti ya àwọn ìbejì nípa."

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ra irú àpótí yìí kà dáadáa. Okùn mẹ́jọ ló wà nínú wáyà Cat6, méjì-méjì ni wọ́n sì lọ́ mọ́ra. Ohun tí àpótí ń rán, orí okùn méjèèjì ló ń gbà lọ, èyí tó wà lórí ọ̀kan jẹ́ òdìkejì èyí tó wà lórí ẹnìkejì rẹ̀. Bí ariwo iná bá kọlù wọ́n lọ́nà, bí ariwo mọ́tò pọ́ǹpù, bákan náà ló máa kan àwọn méjèèjì nítorí pé wọ́n lọ́ mọ́ra. Àpótí tó wà ní òpin á yọ ọ̀kan lára èkejì, ariwo náà á pa rẹ́, àwòrán á ṣẹ́kù. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣiṣẹ́. Nínú ẹsẹ̀ mẹ́jọ tí okùn ń wọ̀ nínú orí RJ45, ẹsẹ̀ 1 àti 2 jẹ́ ìbejì, 4 àti 5, 7 àti 8. Ṣùgbọ́n ìbejì kẹrin kì í dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, 3 àti 6 ni ẹsẹ̀ tiwọn. Ọmọ ìsọ̀ kò mọ̀. Bí okùn ṣe jáde ló ṣe tò ó: ọ́réńjì méjì, gíríìnì méjì, búlúù méjì, búráùn méjì. Ó tò ó bákan náà lẹ́nu méjèèjì, nítorí náà okùn kọ̀ọ̀kan dé ibi tó yẹ kó dé, iná mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sì tàn. Téẹ̀sítà kékeré yẹn, bóyá okùn já ló ń wò, kò mọ ẹni tó lọ́ mọ́ ẹni. Ṣùgbọ́n lójú àpótí, gíríìnì ti di ìbejì búlúù. Ariwo tó kan ọ̀kan kò kan èkejì bákan náà mọ́. Bí pọ́ǹpù bá ti dìde, ó parí.

Ó gé ẹnu méjèèjì dànù. Ó tò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ní kí èmi máa pè é tẹ̀lé òun: ọ́réńjì aláfunfun, ọ́réńjì, gíríìnì aláfunfun, búlúù, búlúù aláfunfun, gíríìnì, búráùn aláfunfun, búráùn. Kò tú ìlọ́ rẹ̀ ju bí orí RJ45 ṣe gùn lọ. Gbogbo rẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó wá ní kí n lọ tan pọ́ǹpù. Mo tàn án. Ó ní kí n pa á. Ó ní kí n tún tàn án. Ẹ̀ẹ̀mẹfà. Kámẹ́rà wà ní 1080, Ìyá Àdínnì dúró síwájú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ń wo àga Ààfáà tó ṣófo, àwòrán náà kò ṣẹ́jú.

Mo fún un ní ₦5,000, ó gba ₦2,000, ó ní owó orí wáyà àti ọkọ̀ òun nìyẹn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mi ò lè jókòó. Mo lọ dúró sẹ́yìn fèrèsé ilé àwọn obìnrin. Omi ń dà lára àwọn tó ń ṣe alùwàlá, pọ́ǹpù ń han, Ààfáà gbé ọwọ́ sókè lórí ògiri wọn, wọ́n sì rí ọwọ́ náà. Ìyá arúgbó kan fa àga rẹ̀ súnmọ́ iwájú, ó tún fà á súnmọ́ ọn. Èmi tí mo ti ń wá ọ̀rọ̀ líle tí n ó kọ láti ọjọ́ mẹ́ta, omi bọ́ lójú mi.

Síbẹ̀, n ó sọ àléébù rẹ̀. Wáyà tí wọ́n tà fún wa ní owó kọ́pà, kì í ṣe kọ́pà. Ọmọbìnrin náà fi abẹ ha okùn kan nínú èyí tó gé dànù, funfun ni inú rẹ̀: alumíníọ̀mù tí wọ́n fi kọ́pà bò ni. Ó ń gbé àwòrán dé ní mítà 48 tiwa, ṣùgbọ́n ó ń jẹ iná lójú ọ̀nà ju kọ́pà lọ. Àpótí ti kámẹ́rà ló yẹ kó máa fi iná ránṣẹ́ sí èkejì lórí wáyà kan náà, torí náà ádápítọ̀ kan ṣoṣo ló wà nínú páálí. Ọ̀sẹ̀ kejì, àpótí apá àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ó ń tún ara rẹ̀ tàn. A ra ádápítọ̀ kejì, ₦3,500, a so ó mọ́ ọn, ó sì sinmi. Àpótí méjèèjì máa ń gbóná gan-an. A gbé wọn kúrò lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, a gbé wọn kọ́ sára ògiri níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́.

Ẹ má so àpótí yìí mọ́ swíìṣì tàbí ráútà, àwọn ẹ̀rọ tó ń pín nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Ihò rẹ̀ jọ ti íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n irú tiwa yìí kò gbọ́ èdè nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, láti àpótí sí àpótí tààrà ni. Irú tó ń gba inú swíìṣì wà, ó yàtọ̀. Ìwé kékeré tó bá a wá kò sọ èyí. Bákan náà ni kò sọ ọ̀rọ̀ kankan nípa bí a ṣe ń to àwọ̀ okùn, ọ̀rọ̀ tó gba ọjọ́ mẹ́ta lọ́wọ́ wa nínú oṣù tí a ń retí fún ọdún kan gbáko. Bí àkọ́rọ̀ òjò bá ti ń kùn, a máa ń yọ wáyà kúrò lára àpótí méjèèjì, torí pé ìta àgbàlá ló gbà, ààrá àkọ́rọ̀ l'Ákùúrẹ́ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń bá ṣeré.

Mi ò padà sí ìsọ̀ náà. Mo gbọ́ pé ọmọbìnrin yẹn ti gba òmìnira.

Máàkì tí mo fún àpótí náà: 2 nínú 5. Mo mọ̀ pé ẹ ó ní ó ti kéré jù, torí láti ìgbà tí a ti fi ádápítọ̀ kejì sí i, kò tíì ṣókùnkùn lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n mi ò tíì gbàgbé ohùn Ìyá Àdínnì nígbà tí wọ́n ní ohùn lásán ti tó àwọn. Lọ́sẹ̀ yìí a fẹ́ ra irú rẹ̀ gan-an fún ilé kéwú àwọn ọmọdé. Kọ́pà gidi ni wáyà rẹ̀ máa jẹ́, èmi ni n ó sì fọwọ́ ara mi tẹ orí rẹ̀ méjèèjì.