Bara lawr ọjà Swansea: ewébẹ̀ òkun tó dúdú bí ọṣẹ dúdú

Ó tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń kọjá níwájú ìsọ̀ àwọn tó ń ta cockles (ẹran òkun kéékèèké inú karawun) nínú ọjà Swansea, ní Wales níbí, kí n tó bèèrè pé kí ni nǹkan dúdú tí wọ́n ń bù sínú ọ̀rá yẹn. Màmá tó ń tajà ní bara lawr ni. Ewé òkun ni, orí àpáta etíkun ni wọ́n ti ń ṣà á. Wọ́n á fọ̀ ọ́ ní àfọ̀túnfọ̀, wọ́n á sì sè é fún ọ̀pọ̀ wákàtí títí yóò fi rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Ẹbí kan náà ni òun àti nori tí àwọn ará Japan fi ń wé sushi.

Ìdí tí mo fi rà á ni pé wàrà kì í bá mi lára mu, bẹ́ẹ̀ wàrà ni ọ̀pọ̀ èèyàn níbí ti ń rí áyódíìnì, èròjà kan tí ara nílò díẹ̀díẹ̀. Iyọ̀ Nàìjíríà ní in. Ọ̀pọ̀ iyọ̀ tí wọ́n ń tà ní ibí kò ní in. Àìtó rẹ̀ ló ń fa gẹ̀gẹ̀. Nǹkan bíi máíkrógíráàmù 150 ni àgbàlagbà nílò lójúmọ́.

Mo ti kọ́kọ́ ra lúbúlúbú kombu, ewé òkun mìíràn. Dókítà ní kí n jáwọ́: gíráàmù kan ṣoṣo lè kọjá ohun tí ara nílò lójúmọ́ ní ìlọ́po-ìlọ́po, àpọ̀jù náà sì ń da tairọ́ìdì (ẹṣẹ́ tó wà lọ́rùn) rú. Ti bara lawr kò le tó bẹ́ẹ̀. Irin wà nínú rẹ̀, àti fítámì B12 tó ṣọ̀wọ́n nínú ewébẹ̀. Ẹlẹ́jẹ̀ ríru kó ka ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀rá tí wọ́n bù ú sí o, torí iyọ̀.

Àwọn ará Wales máa ń pò ó mọ́ ọ́ọ̀tì, wọ́n á sì dín in nínú ọ̀rá bacon. Mo dán an wò, kò wọ̀ mí lójú. Inú ọbẹ̀ ata, pẹ̀lú edé gbígbẹ àti irú, ni mo ti rí ojú rẹ̀. Kò yọ̀ tó ewédú, àmọ́ ó bá ẹ̀bà lọ. Ọkọ mi ní ta ló da ọṣẹ dúdú sínú ọbẹ̀. Ó ṣáà tún bu ẹ̀bà ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Ọ̀rá kejì tí mo rà, níbòmíràn, iyanrìn ń dún wọ̀mù-wọ̀mù lẹ́nu mi. Mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Iyanrìn ló gba ìkan yòókù.