Òòfà lẹ̀ mọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì: Mercedes-Benz 280SL ọdún 1969 tí mo rà n'Íjẹ̀bú-Òde

Òòfà tí mo gbé lé bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ yẹn lẹ̀ mọ́ ọn pinpin, òun ló sì mú mi jókòó kọ àgbéyẹ̀wò yìí. Ẹni tó bá mọ Mercedes-Benz 280SL, èyí tí wọ́n ń pè ní Pagoda nítorí òrùlé rẹ̀ tó tẹ̀ wọnú láàárín, á ti mọ̀ pé òòfà ò gbọdọ̀ lẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti fi alumíníọ̀mù ṣe bọ́nẹ́ẹ̀tì, ìdérí búùtù àti ìta ilẹ̀kùn méjèèjì kí ọkọ náà lè fúyẹ́. Tí òòfà bá já bọ́ lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì Pagoda, ọpẹ́ ló yẹ kéèyàn dá. Èyí kò já bọ́. Mo tì í, mo fà á, ó rọ̀ mọ́ ọn bí ọmọ tí kò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ìyá rẹ̀.

Ilé iṣẹ́ kan tó ń tún ọkọ àtijọ́ ṣe tà ni mo ń sọ, ó wà létí òpópónà Ṣàgámù sí Benin, kéèyàn tó wọ Ìjẹ̀bú-Òde. N ò ní dárúkọ wọn. Tí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, tí àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ti ń múra fún Ojúde Ọba tó máa ń bọ́ sí ọjọ́ kẹta ọdún, ọjà wọn máa ń yá, torí ẹni tí kò lè gun ẹṣin á fẹ́ kí wọ́n rí òun nínú ọkọ tó ń dán. Àsìkò yẹn ni èmi náà lọ. Bí ọkọ náà ṣe ń sáré tó àti bó ṣe ń mu epo, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, n ò ní fìyẹn fi yín lákòókò ṣòfò.

Ọmọkùnrin kan ni wọ́n fi sídìí ọjà títà. Ó mọ èèyàn kí, ó gbé omi tútù wá, ó nu àga kí n tó jókòó. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ó ní olóyè ńlá kan ní Mọ̀lípa ló ra ọkọ náà ní tuntun l'Ékòó lọ́dún 1969, pé látìgbà tí bàbá náà ti kú ló ti wà nínú gárééjì, pé kò kúrò n'Íjẹ̀bú rí. Ó ní gbogbo nọ́ńbà ara rẹ̀ ló bára mu, láti orí ẹ́ńjìnnì dé orí ṣáásì. Iye tó pè é, iye ọkọ tí kò ní àbùlà kankan ni.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì ni sítíárì wà. Nàìjíríà kò tíì máa gba ọwọ́ ọ̀tún lójú pópó lọ́dún 1969. Ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 la yí i padà. Kó tó dìgbà náà, ọwọ́ òsì là ń gbà bíi ti ìlú òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì, ọwọ́ ọ̀tún sì ni sítíárì máa ń wà. Mo ní kó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin ṣáásì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 113.044-12. 113.044 ni 280SL. Ení tó tẹ̀ lé e ń sọ pé láti Jámánì ni sítíárì ti wà lápá òsì, èjì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì ni jíà ọtọmátíìkì. Ká ní wọ́n ṣe é fún ìlú tó ń gba ọwọ́ òsì ni, 22 là bá rí níbẹ̀.

Mo bi í léèrè. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ mọ àwọn olówó ayé ìgbà yẹn, bó bá ṣe wù wọ́n ni wọ́n ń ra ọkọ." Mo gbà pé ó lè rí bẹ́ẹ̀. Mo wá béèrè káàdì tí Mercedes-Benz fi ń ṣe àkọsílẹ̀ ọkọ kọ̀ọ̀kan, èyí tó máa ń sọ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì, nọ́ńbà bọ́dì, ọ̀dà àti awọ ìjókòó tó bá ọkọ jáde. Ó ní ikán ti jẹ ẹ́. Mo ní kó nu ara ẹ́ńjìnnì kí n rí nọ́ńbà ibẹ̀. Ó rán ọmọṣẹ́ kan lọ mú àkísà, ọmọ náà lọ, kò bọ̀. Mo fi áńkáṣíìfù mi nù ún. 130.980 ló wà níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì 280SL máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 130.983, 130.980 jẹ́ ti 280SE, ọkọ ńlá tí àwọn ọ̀gá ń gùn nígbà náà. Ìdílé kan náà ni wọ́n, 2,778 cc ni méjèèjì, àmọ́ agbára ẹṣin 170 ni ti SL, ti SE jẹ́ 160. Ẹ́ńjìnnì burúkú kọ́, ó dún geerege nígbà tí wọ́n tá a. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló bá ọkọ yìí dáyé.

Ìgbà yẹn ni mo mú òòfà jáde nínú àpò. Mo ti fi aṣọ wé e kó má baà ha ọ̀dà. Lára ilẹ̀kùn, ó já bọ́. Lórí búùtù, ó já bọ́. Lára fẹ́ńdà ó lẹ̀, bó ṣe yẹ kó rí, torí irin ni fẹ́ńdà. Lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó lẹ̀. Mo pe ọmọkùnrin náà kó wá wò ó. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ibi tí òòfà ò bá lẹ̀ sí ni bọ́dì fílà tí wọ́n fi ń dí ara ọkọ wà. Èyí tó lẹ̀ yìí ló fi hàn pé ojúlówó ni."

Inú mi ru. Ohun tó sọ yẹn, òótọ́ ni lára Corolla tí bọ́dì rẹ̀ jẹ́ irin. Lára Pagoda, irọ́ funfun báláú ni, ẹni tó bá sì ń ta Pagoda ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀. Mo ṣàlàyé fún un, mo tún un ṣàlàyé. Dípò kó gbọ́, ó kọjú sí àwọn oníbàárà tó dúró ti Peugeot 504 kan, ó gbóhùn sókè pé àwọn kan wà tó jẹ́ pé ẹ̀sùn ni wọ́n máa ń wá sí ọkọ lẹ́sẹ̀ kí owó rẹ̀ lè wálẹ̀. Ọmọ tí mo lè bí! Lójú èrò!

Mo ti ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò mi nígbà tí bàbá kan jáde láti ẹ̀yìn, tó ń nu ọwọ́. Òun ni páńẹ́ẹ̀lì bítà wọn. Ó ní, "Ọmọ mi, òótọ́ lo sọ. Èmi ni mo lu bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn. Máa bọ̀."

Lẹ́yìn àwọn ògbólógbòó táyà ló ti fa bọ́nẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ jáde. Iwájú rẹ̀ ti ká wọlé, ọ̀dà funfun tó wà lára rẹ̀ ti ń bó, ó sì fúyẹ́ débi pé ọwọ́ kan ni bàbá fi gbé e. A gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ. Ó da kẹrosíìnì sí àkísà, ó fi nu abẹ́ rẹ̀ nítòsí ibi tí ìdè rẹ̀ ti ń há. Díẹ̀díẹ̀ ni nọ́ńbà ń yọjú lábẹ́ ìdọ̀tí. Bí mo ṣe ń kà á, bẹ́ẹ̀ ni bàbá ń wo àwo irin kékeré tí nọ́ńbà bọ́dì wà, tó ń dá mi lóhùn. Wọ́n bára mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Orí mi wú. Ọkọ tí mo ti fẹ́ fi sílẹ̀, ojúlówó bọ́dì ni, bọ́nẹ́ẹ̀tì tó bá a jáde sì wà níbẹ̀ tí wọ́n fi táyà bò mọ́lẹ̀.

Bàbá sọ ìyókù fún mi láìfi bò. Inú kọ̀ǹténà ni bọ́nẹ́ẹ̀tì náà ti ká, nígbà tí ọkọ ń bọ̀ láti Amẹ́ríkà. Ó mú ọwọ́ mi, ó fi kan inú fẹ́ńdà ẹ̀yìn, níbi tí òun ti dí ihò iná ẹ̀gbẹ́. Láti ọdún 1968 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní kí ọkọ tuntun ní iná tàbí gíláàsì tó ń kọ mànà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Tokunbọ̀ ni ọkọ náà. Kò sí olóyè Mọ̀lípa kankan.

Mo bi í pé kí ló dé tí wọn ò tún ti àkọ́kọ́ ṣe. Ó ní gáàsì táwọn fi ń jó irin kò bá a lò, ẹ̀rọ áágọ́nì ló ń fẹ́, ọ̀gá àwọn ò sì tíì rà á. Òótọ́ ni: ní ìwọ̀n 660 Celsius ni alumíníọ̀mù ń yọ́, ṣùgbọ́n èépá tó ń bo ojú rẹ̀ kì í yọ́ títí ooru á fi kọjá 2,000. Kí èépá ojú rẹ̀ tó yọ́, alumíníọ̀mù abẹ́ rẹ̀ ti jò dànù.

Iṣẹ́ ọwọ́ bàbá yìí, n ò rí irú rẹ̀ rí nílẹ̀ wa. Òòlù àti páálí tó gé ní àwòkọ ló fi lu irin pẹlẹbẹ títí tó fi gbé ibi tó yọ sókè láàárín bọ́nẹ́ẹ̀tì jáde. Àlàfo tó wà láàárín rẹ̀ àti fẹ́ńdà dọ́gba lápá méjèèjì. Èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn jù ni àwọn ojú wéèdì kéékèèké, àmì ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀, tí ilé iṣẹ́ tẹ̀ sí etí fẹ́ńdà iwájú, lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ṣì tò síbẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ibẹ̀ ni ẹni tó mọ Pagoda ti ń kọ́kọ́ wò, torí fẹ́ńdà tí wọ́n bá ti pààrọ̀ kì í sábà ní wọn, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ sì máa ń fi bọ́dì fílà pa wọ́n rẹ́. Bàbá fi wọ́n sílẹ̀ nítorí ó mọ ohun tí wọ́n jẹ́.

Ọ̀gá wọn dé nígbà tó yá. Kò bẹ̀bẹ̀, kò sì jà. Ó gbọ́ tẹnu bàbá, ó já owó náà wálẹ̀ gan-an, ó ní kí n máa gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ lọ láì san kọ́bọ̀. Mo ní kó kọ ọ́ sínú rìsíìtì: ẹ́ńjìnnì 280SE, bọ́nẹ́ẹ̀tì irin, ọkọ láti Amẹ́ríkà. Ó kọ méjì, ó dúró lórí ẹ̀kẹta, ó ní ìyẹn ò pọn dandan. A fà á títí kó tó kọ ọ́, lẹ́tà wínníwínní ló sì fi kọ ọ́. Mo sanwó. Ìjókòó dára, bíréèkì ń mú, aago inú rẹ̀ ò ṣiṣẹ́.

Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, ìtàn olóyè Mọ̀lípa ṣì wà nínú ìpolówó wọn, pẹ̀lú àwòrán ọkọ tó ti di tèmi. Mo pè wọ́n, ọmọkùnrin yẹn ló gbé e, ó ní àwọn á yọ ọ́. Wọn ò yọ ọ́. Ẹni tó bá ń lọ síbẹ̀, kó béèrè bàbá páńẹ́ẹ̀lì bítà kó tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ owó, kó sì fi ojú ara rẹ̀ ka nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún.