Kọ́ọ̀tì alágbèéká, fóòmù ilẹ̀ tàbí kọ́ọ̀tì òtẹ́ẹ̀lì: èwo ni kí ẹ rà kí ọmọ lè sùn nínú ìrìn àjò?

Wọ́n máa ń pa á lówe pé ọmọ tó ní ìyá òun ò ní sùn, òun náà ò ní fojú ba oorun. Ní yàrá òtẹ́ẹ̀lì, ọmọ kò bá ìyá ẹ̀ jà. Ibi tó bá ara ẹ̀ ni kò yé e. Aṣọ ibùsùn kò ní òórùn ilé, éèsì ń kùn lókè, iná pupa kan tanjú mọ́ ọn láti ara tẹlifíṣọ̀n, ẹsẹ̀ àwọn èèyàn sì ń dún lọ dún bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Tó bá wá di aago méjì òru, gbogbo yàrá ti jí.

Lọ́ńdọ̀n là ń gbé. Láti ìgbà tí ọmọ wa ti wà ní oṣù 13 títí tó fi pé ọdún 3, ẹ̀ẹ̀mẹrin la ti gbé e wálé fún ìgbéyàwó àti òkú ṣíṣe, a sì máa ń dé sí òtẹ́ẹ̀lì ní Ìkẹjà tàbí ní Ìbàdàn nítorí pé ilé ẹbí máa ń kún. Àwọn ohun tí mo fowó ara mi rà, tí mo yá lò, tàbí tí wọ́n gbé wá bá mi nínú yàrá ni mo fẹ́ fi wéra níbí. Orúkọ tó wà lára ọjà kọ́ ni mo fi ń pinnu o. Ọjọ́ orí ọmọ ni mo kọ́kọ́ ń wò, lẹ́yìn náà ibi tí ẹ ti ń bọ̀ àti ibi tí ẹ ń lọ.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ nínú ìlànà tó gbé jáde lọ́dún 2019 pé ọmọ ọdún 1 sí 2 nílò oorun wákàtí 11 sí 14 lójúmọ́, tòun ti oorun ọ̀sán. Ọmọ ọdún 3 sí 4 nílò wákàtí 10 sí 13. Ọmọ tó bá pàdánù wákàtí mẹ́ta nínú ẹ̀ lóru ọjọ́ Ẹtì, ẹkún ni yóò bá yín dé gbọ̀ngán lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

Kọ́ọ̀tì tiyín àti kọ́ọ̀tì òtẹ́ẹ̀lì

Kọ́ọ̀tì alágbèéká ni bẹ́ẹ̀dì ọmọ tó ń ká wọnú báàgì, tó ní irin nínú, tí aṣọ àwọ̀n sì yí i ká. Ní Lọ́ńdọ̀n, ẹ lè rí èyí tó wọ́pọ̀ rà ní nǹkan bíi £50 sí £100, ó sì máa ń wúwo tó kílò 10. Travel Cot Light ti BabyBjörn kò ju bíi kílò 6 lọ pẹ̀lú báàgì ẹ̀, àmọ́ owó ẹ̀ ju £200 lọ. Létí ẹni tó ń fi mọ́tò rìn, kílò 4 kò tó nǹkan. Ẹni tó ń wọ bàálù, tí wọ́n fún ní kílò 23 fún àpótí kan, mọ̀ pé aṣọ ẹbí gbogbo ilé ni kílò 4 yẹn. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ pe iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú yín, kí ẹ béèrè bóyá wọ́n ń gba kọ́ọ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ bí wọ́n ṣe ń gba kẹ̀kẹ́ ọmọ. Àwọn kan ń gbà á, àwọn kan kì í gbà á. Tí wọ́n bá ní àwọn ń gbà á, ẹ ra olówó pọ́ọ́kú, torí pé fífúyẹ́ ni ẹ fẹ́ fi owó tó lé yẹn rà. Mo ti yá ti ọ̀rẹ́ mi, olówó ńlá, lò rí, mo sì ti lo tèmi, olówó pọ́ọ́kú. Bí ọmọ mi ṣe sùn nínú ọ̀kan náà ló sùn nínú èkejì.

Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni títò. Ti ọ̀rẹ́ mi rọrùn. Tèmi ní ọgbọ́n kan tó fẹ́: ẹ gbọ́dọ̀ fa ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sókè kí wọ́n dún kẹ́, kí ẹ tó ti àárín ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ti ìsàlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kò ní dúró fún un láé. Ẹ tò ó nílé lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó gbé e rìn, nítorí pé aago mọ́kànlá alẹ́, tí ọmọ ń sunkún léjìká yín, kì í ṣe àkókò tí èèyàn ń kọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Fóòmù inú ẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì le. Ìyá mi fọwọ́ kàn án, wọ́n ní, "Ṣé orí pákó lo fẹ́ tẹ́ ọmọ sí ni?" Wọ́n ti gbé tìmùtìmù lọ́wọ́. Mo ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi nǹkan kan kún un." Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kó le ni. Tí ẹ bá fi fóòmù mìíràn lé e, àlàfo máa wà láàárín fóòmù yẹn àti aṣọ àwọ̀n, ọmọ lè yí wọ ibẹ̀ kí imú ẹ̀ há mọ́lẹ̀. Fóòmù tó bá kọ́ọ̀tì wá nìkan ni kí ẹ lò.

Kọ́ọ̀tì náà ní ààlà. Ti Graco Pack 'n Play, tí àwọn ará wa ní Amẹ́ríkà mọ̀ dáadáa, ààlà ẹ̀ ni 89 sẹ̀ǹtímítà ní gíga àti bíi kílò 13.6. Ọmọ tó bá sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń gun ẹ̀gbẹ́ kọ́ọ̀tì jáde, kódà kó má tíì tó ìwọ̀n yẹn, ẹ má fi sí i mọ́.

Ti òtẹ́ẹ̀lì wá ńkọ́? Kò wọ ẹrù yín, ó sì lè jẹ́ ọ̀fẹ́. Ìṣòro ẹ̀ ni pé ẹ ò mọ ohun tí ẹ máa bá. Mo pe òtẹ́ẹ̀lì kan lẹ́ẹ̀mejì kí a tó kúrò ní Lọ́ńdọ̀n, wọ́n ní kọ́ọ̀tì wà. Nígbà tí a dé, ọkùnrin tó ń gba àlejò ní, "Màdáámù, ẹ má bínú, ẹlòmíì ti gbà á." Lọ́jọ́ kejì wọ́n rí òmíràn gbé wá. Onípákó ni, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kan ń sọ̀ kalẹ̀, síkúrù méjì sì ti jábọ́. Irú èyí tí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ yìí, Amẹ́ríkà ti fòfin de títà ẹ̀ láti oṣù kẹfà ọdún 2011, torí pé ẹ̀gbẹ́ náà máa ń yẹ̀, ó sì ti ṣekú pa àwọn ọmọ. Láti ìparí ọdún 2012, òfin náà ti kan àwọn òtẹ́ẹ̀lì wọn pẹ̀lú. Mi ò gbé ọmọ mi sínú ẹ̀. Orí àyà bàbá ẹ̀ ló sùn sí, bàbá ẹ̀ ò sì sùn. Ó dùn mí gan-an lóru ọjọ́ náà, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún yín pé tí wọ́n bá gbé kọ́ọ̀tì wá, ẹ mì ín kí òṣìṣẹ́ tó gbé e wá tó lọ. Ẹ fọwọ́ kan gbogbo síkúrù. Ẹ gbìyànjú kí agolo Coke, gbẹ̀ǹgbẹ̀ ayé àtijọ́ yẹn, gba àárín ọ̀pá méjì. Tó bá gbà á kọjá, àlàfo náà ti fẹ̀ jù.

Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2, èmi á ra tèmi.

Fóòmù ilẹ̀ àti bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí

Nígbà tí ọmọ mi sún mọ́ ọdún 2 àtààbọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gun kọ́ọ̀tì jáde. Mo wá ra bẹ́ẹ̀dì ọmọdé tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí, tó ga díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kí ọmọ má baà yí bọ́. Ó ká kékeré, ó wọnú àpótí. Àmọ́ lálẹ́ àkọ́kọ́, ọmọ ń fò lórí ẹ̀ títí di aago mẹ́wàá. Nígbà tó di ìdájí, atẹ́gùn ti jò, àárín ti wọlẹ̀. Rọ́bà ni, nítorí náà ẹ̀yìn ọmọ kún fún òógùn nígbàkúùgbà tí NEPA bá mú iná lọ. Fún ọmọ tí kò tíì ju oṣù 15 lọ, ẹ má dá a lábàá rárá: ibi rírọ̀ lè gba ojú ọmọ mọ́lẹ̀, ó sì lè dí imú ẹ̀. Tí ẹ bá ń fi mọ́tò lọ sí ìlú olótùútù kan ní Gẹ̀ẹ́sì, kò burú. Fún Nàìjíríà, ẹ fowó yín sápò.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn ni fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́, irú èyí tí àwọn ọmọ ilé-ìwé máa ń gbé lọ sí họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ẹ lè rà á níbi tí wọ́n ti ń ta Vitafoam tàbí Mouka, ẹ ò ní gbé nǹkan kan wọ bàálù. Ẹ sọ fún ẹbí yín kan kó rà á ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kó bọ́ ọ̀rá ara ẹ̀, kó sì gbé e sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ kí òórùn tuntun yẹn lọ. Ẹ tẹ́ ẹní sí abẹ́ ẹ̀ nítorí pé ilẹ̀ onítáìlì máa ń tutù lóru. Ọmọ tó bá yí bọ́, kò ní fara pa. Tí ẹ bá ń padà, ẹ gbé e sílẹ̀ fún màmá. Ọdún tó ń bọ̀, ẹ óò bá a níbẹ̀. Kò sí kọ́ọ̀tì £200 tó ṣe mí láǹfààní tó bẹ́ẹ̀.

Àléébù ẹ̀ ni pé ọmọ lè dìde kó máa rìn nígbà tí ẹ̀yin ń sùn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ kúnlẹ̀ kí ojú yín bá ti ọmọ dọ́gba, kí ẹ wo yàrá. Okùn kẹ́tùlù tó ń rọ̀ sílẹ̀ ńkọ́? Okùn kọ́tìnì? Ihò iná? Ẹ ti ilẹ̀kùn bákónì àti ti balùwẹ̀, ẹ sì fi ṣéènì òkè há ilẹ̀kùn àbájáde. Igun tí éèsì kò ti fẹ́ sí i lára tààrà ni kí ẹ tẹ́ fóòmù sí.

Ní ti bẹ́ẹ̀dì yín fúnra yín, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa la máa ń tẹ́ ọmọ sí àárín. Bẹ́ẹ̀dì òtẹ́ẹ̀lì ga, ó rọ̀, ìrọ̀rí sì pọ̀ lórí ẹ̀, nítorí náà kò dára fún ọmọ ọwọ́. Irin tí wọ́n ń fi há ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì wà fún ọmọ ọdún 2 sí 5 tó lè gun bẹ́ẹ̀dì kó sì sọ̀ kalẹ̀ fúnra ẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì ilé ni wọ́n ṣe é fún. Lórí ti òtẹ́ẹ̀lì tí ẹ ò mọ bó ṣe nípọn tó, àlàfo lè wà. Mi ò ní rà á fún ìrìn àjò.

Àwọ̀n ẹ̀fọn

Níbí, kò sí pé bóyá. Ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun kò tíì bá ibà pàdé rí, nítorí náà ẹ rí dókítà ṣáájú ìrìn àjò fún oògùn tó ń dènà ẹ̀, kí ẹ sì tún ra àwọ̀n. Èyí tí wọ́n ń so kọ́ dára nílé, wọ́n ti rẹ ẹ́ sínú oògùn apẹ̀fọn, WHO sì fẹ́ kó gbéṣẹ́ fún ọdún 3, kódà kí wọ́n fọ̀ ọ́ tó ogún ìgbà. Ẹ ta á sí abẹ́ òjìji fún wákàtí 24 kí ẹ tó lò ó. Àmọ́ níbo lẹ fẹ́ so ó kọ́ ní òtẹ́ẹ̀lì? Èyí tó ń ṣí bí agboòrùn, tí wọ́n ń gbé bo fóòmù mọ́lẹ̀, ló bá yàrá òtẹ́ẹ̀lì mu. Ẹ ra èyí tó fẹ̀ dáadáa, torí pé tí apá ọmọ bá fara ti àwọ̀n lóru, ẹ̀fọn á jẹ ẹ́ láti ìta. Ọ̀pọ̀ nínú irú èyí kò ní oògùn lára, ẹ ka ohun tó wà lára páálí ẹ̀.

Òkùnkùn àti ariwo

SlumberPod jẹ́ àgọ́ dúdú tí wọ́n ń gbé bo kọ́ọ̀tì kí ọmọ má baà rí iná. Ó gbajúmọ̀ ní Amẹ́ríkà, ó sì wúlò ní yàrá tí éèsì kì í kú. Níbi tí iná ti ń lọ, ooru inú ẹ̀ ń bà mí lẹ́rù. Pẹ́ẹ̀gì aṣọ mẹ́fà, tí ẹ óò fi pa ẹnu kọ́tìnì méjèèjì pọ̀, àti ìbọ̀sẹ̀ dúdú kan lórí iná tẹlifíṣọ̀n, ti tó fún wa.

Fún ariwo, àwọn kan ń ra ẹ̀rọ kékeré tó ń hó ṣùùù. Tí ẹ bá ní i, kó jìnnà sí orí ọmọ tó mítà 2, kí ohùn ẹ̀ sì wà nílẹ̀. Fáànù onísájì ni mo fi rọ́pò tèmi: ó ń hó, ó ń fẹ́ atẹ́gùn, kò sì kú nígbà tí wọ́n ń yí iná sí jẹnẹrétọ̀. Ẹ rà á nílé, ẹ má gbé e wá láti òkè òkun. Ohun tí ẹ kò ní sanwó fún tún wà: nígbà tí ẹ bá ń gba yàrá, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní èyí tó jìnnà sí jẹnẹrétọ̀ àti sí gbọ̀ngán ayẹyẹ. Òwàǹbẹ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kì í parí láago mẹ́jọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀n, aago Èkó àti tiyín dọ́gba nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ibẹ̀, wákàtí kan péré ló fi ṣáájú nígbà òtútù. Ẹ̀yin ará Houston, wákàtí 6 tàbí 7 ni. Aago mẹ́jọ alẹ́ ní Èkó, ọ̀sán gangan ni lára ọmọ yín. Oorun ọ̀sán ló máa sùn, yóò sì jí láago mẹ́wàá pé òun fẹ́ ṣeré. Kò sí ọjà tó ń wo èyí. Ẹ mú un jáde sí oòrùn láàárọ̀, ẹ má jẹ́ kó sun oorun ọ̀sán pẹ́, kí ẹ sì fún un ní ọjọ́ mélòó kan kí ìnáwó tó dé.

Nígbà tí a lọ sí Ìbàdàn kẹ́yìn, fóòmù ilẹ̀, àwọ̀n agboòrùn àti fáànù ni a lò. Mo gbé aṣọ ibùsùn ẹ̀ láti ilé láìfọ̀ ọ́, kó lè gbóòórùn ara ẹ̀. Mo fi ọ̀já ìyá mi pọ̀n ọ́n, mo ń rìn láàárín fèrèsé àti ilẹ̀kùn bí mo ṣe máa ń ṣe ní Lọ́ńdọ̀n, mo sì ń kọ orin kan náà. Ó sùn láago mẹ́jọ àbọ̀. Ìró adìyẹ ẹ̀yìn òtẹ́ẹ̀lì ló jí i, láago mẹ́fà kọjá.