Tréníìnì ẹja àrọ̀ lójú ọ̀nà Ìwòrokò: ẹ lọ, àmọ́ ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó kúrò nílé

Ẹ̀yin ọmọ àgíríìkì EKSU (Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì) tẹ́ ẹ ń bi mí léèrè tréníìnì ẹja tí wọ́n ń ṣe ní Sátidé yẹn, mo ti lọ, ó dáa jàre. Àgíríìkì ni àǹtí tó ni fáàmù yẹn náà kà.

Wọ́n ti gún abo ẹja lábẹ́rẹ́ tó ń mú ẹyin gbó lálẹ́ Fúráìdeè, nígbà tá a dé láàárọ̀ wọ́n ní kí ọmọkùnrin kan tẹ ikùn ẹ̀ wá sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹyin bá ń tú sínú abọ́, wọ́n pa akọ, wọ́n yọ àpò àtọ̀ ẹ̀, wọ́n gé e, wọ́n fún un lé ẹyin lórí, wọ́n rò ó pọ̀, ó di orí kakaban, ohun tí ẹyin ń lẹ̀ mọ́, nínú omi. Kílẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú wọ́n ti fi fídíò sí WhatsApp, ẹyin yẹn ti ń di ọmọ ẹja! Ní kíláàsì, àwòrán ẹ̀ nìkan la yà.

Àmọ́ ọ̀sán gan-an lowó mi ti pé. Àǹtí gbé ìwé ìṣirò ẹ̀ síta, ẹ rí i pé oúnjẹ ẹja ló ń kó owó lọ jù, pé èyí tó bá yára tóbi máa ń gbé àwọn yòókù mì tẹ́ ò bá ṣà wọ́n sọ́tọ̀, pé kẹ́ ẹ tó ra ọmọ ẹja kan kẹ́ ẹ ti mọ ìyá oní-pẹ́pẹ́súùpù tó máa gbà á lọ́wọ́ yín. Kọ́ọ̀sì entrepreneurship tá a fi dandan ṣe, ta ló sọ èyí fún wa níbẹ̀?

Àǹtí bi wá pé ta ló fẹ́ ṣe àgbẹ̀ tó bá jáde, ọwọ́ tó nà sókè ò tó nǹkan. Bánkì, NNPC, jàpá. Ṣé ẹ mọ̀ pé Mẹ́dísìn lọ̀pọ̀ wa fi sí JAMB tẹ́lẹ̀. Kò bínú o, ó ní bánkì náà ń yá àgbẹ̀ lówó, wọ́n nílò ẹni tó mọ iye tí ẹja ń jẹ. Èmi ò fẹ́ pààrọ̀ omi pọ́ńdù títí ayé, oúnjẹ ẹja ni mo fẹ́ máa tà, ìdáhùn yẹn sì bá mi lára mu.

Èyí tí ò dáa: èrò pọ̀ jù yí abọ́ kan ṣoṣo ká, àwọn tó wà lẹ́yìn ò rí nǹkan kan. Mítípáì kan lọ́sàn-án, ní Èkìtì tá a ti ń gún iyán! Wọn ò sì sọ báwo lọmọ hostel ṣe máa ṣe é, láńdílọ́ọ̀dù wo ló máa jẹ́ kẹ́ ẹ gbé tàǹkì ẹja sẹ́yìnkùlé?

Ẹ tètè dé kẹ́ ẹ lè dúró níwájú, ẹ má sì wọ aṣọ gidi, òórùn ẹja kì í tètè kúrò.